Àwo Iyọ̀ Tó Wà Láàárín Tábìlì

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Irọ́ mẹ́rin ló dé etí mi lọ́sẹ̀ yìí. N ó kọ́kọ́ gbá wọn kúrò nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí o mọ̀ pé n kì í lè jẹun nínú ilé tí wọn kò tíì gbá.

Èkíní: wọ́n ní o fi tipátipá ki iyọ̀ bọ ọmọ àfín lẹ́nu ní jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe olórí rẹ̀. Irọ́ ni. Múínátù, ọmọ ọdún mẹ́rin, fi ahọ́n ara rẹ̀ lá a láti inú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Èkejì: wọ́n ní o ń se oúnjẹ aláìníyọ̀ fún gbogbo ọmọ nítorí pé o ti wọ ẹgbẹ́ awo kan. Irọ́ ni, ẹ̀rín sì ni. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí o wọ̀ rí láyé rẹ ni ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì bẹ̀ ọ́ pé kí o máa rọra kọrin.

Ẹ̀kẹta: wọ́n ní ìyá àgbà ọmọ náà, Àlájà tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, wá gbá ọ létí níwájú àwọn ọmọ. Irọ́ ni. Àlájà kò fi ọwọ́ kàn ọ́. Òtítọ́ ni pé ó pariwo, gbogbo àdúgbò sì gbọ́. Ohùn tí a ti fi pe oníbàárà láti ìgbà èwe kì í ṣe ohùn kékeré.

Ẹ̀kẹrin: wọ́n ní èmi ìyá rẹ ni mo gba Àlájà nímọ̀ràn pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Nítorí èyí ni mo ṣe mú kálámù. Àlájà wá sí ilé mi lóòótọ́. A jọ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ kọ́ ni wọ́n ń gbé kiri. N ó sọ fún ọ ní ìwọ̀n tó yẹ kí o mọ̀.

Ọkọ rẹ, ẹni tí kì í purọ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n pa, sọ fún mi pé o fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ ilé ìwé padà fún ìgbìmọ̀ ní òpin oṣù, nígbà tí Àlájà bá mú Múínátù lọ. Ó ní o sọ pé: "Bí ẹni tí mo torí rẹ̀ tún tábìlì tò bá lọ, kí ni mo tún ń ṣe níbẹ̀?" Jọ̀wọ́, má ṣe dá kọ́kọ́rọ́ kankan padà títí o ó fi ka ìwé yìí tán.

Ilé mi sí tìrẹ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. O lè béèrè ìdí tí n kò fi wá. Bí mo bá wà níwájú rẹ, n ó béèrè bóyá o ti jẹun, n ó wo àwọn fèrèsé rẹ bóyá wọ́n mọ́, n ó sì dìde. O mọ̀ mí. Kálámù nìkan ló máa ń mú mi jókòó pẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ ohun tí o ṣe, nítorí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ kì í rí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ìyá Múínátù wà ní Kánò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Àlájà ló ń tọ́ ọmọ náà. Nígbà tí ó mú un wá sí ilé ìwé, kí o tó débẹ̀ rárá, òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: àfín kì í jẹ iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé wọn ṣe bá a. Oúnjẹ ọmọ náà yóò máa ti ilé wá nínú kúlà tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí o bá níbẹ̀ kì í ṣe ìkà. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà lákòókò oúnjẹ, kí ọwọ́ ọmọ mìíràn má bàa kan àwo rẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Wọ́n sì ń ṣọ́ ọ dáadáa, débi pé kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

O sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tí o kọ́kọ́ dé ibẹ̀ pé Pẹ́dírò, ọmọ àwọn ará Àgùdà tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán, fà ọ́ láṣọ, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀ pè ọ́, ó ní:

"Àǹtí Ṣadé, kí ni Múínà ṣe?"

O ní, "Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tó ń jẹ ìyà lójoojúmọ́?"

O rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n o kò jẹ ẹran inú àwo rẹ lọ́jọ́ náà. Mo rí i.

Àdùkẹ́, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ọ́ pẹ̀lú ìyanu nìyí. Ẹni tó kàwé bí tèmi ìbá ti gbé ìwé dókítà lọ bá Àlájà ní ìsọ̀ rẹ̀, yóò sì fi hàn án níwájú oníbàárà pé òpè ni. Ẹni tó fẹ́ràn àlàáfíà jù ìbá fi àpótí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. O kò ṣe ọ̀kankan. O ní kí wọ́n máa se ìkòkò kan fún gbogbo ọmọ láìfi iyọ̀ sí i. O bu iyọ̀ sínú àwo funfun kékeré kan, o gbé e sí àárín tábìlì, ẹni tí ilé rẹ̀ bá gbà fún sì lè fi orí ìka bù ú sí tirẹ̀. O gba àṣẹ lọ́wọ́ Àlájà kí Múínátù lè máa jẹ nínú ìkòkò náà. O gbé ọmọ kúrò lórí àpótí. O kò tẹ èèwọ̀ ilé ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, o kò sì jẹ́ kí èèwọ̀ náà tẹ ọmọ mọ́lẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo lọ kò kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ di tíṣà, tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè, wọ́n fi ọmọkùnrin àfín kan sí kíláàsì mi. Mo ti gbọ́ pé ojú wọn kì í ríran jìnnà. Mo gbé e wá sí iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Inú mi dùn sí ara mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oòrùn ti bó apá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bú mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi, ó wá ní: "Tíṣà, bí ẹ bá ti ń yan ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì." Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà tí mo fẹ́ kí o di mú: kí o tó ṣe ọmọ lóore, bi ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ léèrè.

Mo dé ibi ọjọ́ Ajé tí wàhálà bẹ̀rẹ̀. Pẹ́dírò bu iyọ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí Múínátù lọ́wọ́. Ó ní, "Tọ́ ọ wò, kì í ta." Ọmọ náà lá a. Ó ní, "Ó dùn! Ẹ fún mi sí i!" Gbogbo tábìlì pàtẹ́wọ́.

O lè dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni gbogbo ẹlẹ́rìí. O ti ilé ìwé, o fa Múínátù lọ́wọ́, o sì kọjá láàárín èrò Ìdúmọ̀tà lọ bá Àlájà ní ìdí aṣọ rẹ̀. O sọ ọ́ fún un kí ẹlòmíràn tó sọ. Ariwo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí gbogbo àdúgbò gbọ́, òun ni èrè òtítọ́ tí o sọ. Àlájà ní kí ọmọ náà lo oṣù yìí tán, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣọ́ ọ nílé; lẹ́yìn náà, kò ní padà wá mọ́.

Ọjọ́ kejì ló wá sí ilé mi.

"Tíṣà, ọmọ yín ti da ilé mi rú."

"Ẹ káàbọ̀, Àlájà. Ẹ jókòó."

"Èmi ò jókòó. Ìdúró ni mo wá, ìdúró ni mo fẹ́ lọ."

"Ẹ mu omi, kí ẹ dúró mu ún."

Ó mu omi náà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jókòó.

"Àfín kì í jẹyọ̀. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni?"

"Wọn kò kọ́ wa."

"Kí ni wọ́n wá kọ́ yín?"

"Bí a ti ń rán aṣọ, àti bí a ti ń dákẹ́."

Ó wo bùbá tí mo rán fúnra mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Ti ìdákẹ́ yẹn ló wọ̀ yín lára."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀rẹ̀:

"Ṣé ẹ ti tọ́ àfín rí?"

"Rárá."

"Ẹ má kọ́ mi nígbà náà."

"N kò ní kọ́ yín, Àlájà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé Múínátù lá iyọ̀?"

"Ọmọ yín náà ni."

"Bí kò bá sọ ọ́, ṣé ẹ̀ bá mọ̀?"

"Wàláhì, n kì bá tí mọ̀."

"Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà gbọ́ ní ilé ìwé yẹn ni ẹ wá ń bínú sí."

Ó tún ìborùn rẹ̀ dì. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà: "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí tábìlì yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ẹ̀yin náà á tẹ̀ lé mi, kí ẹ má bàa sọ pé mo parọ́."

Nítorí náà, Àdùkẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òun rí ẹsẹ̀ àgbàlagbà méjì lábẹ́ aṣọ tí wọ́n sá sí ẹ̀yìn ilé ìwé rẹ ní Ọjọ́bọ̀, àwa ni. N kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Aṣọ ìbùsùn tútù kan lẹ̀ mọ́ mi lórí. Àlájà ń ti mí, ó ń sọ pé, "Tíṣà, ẹ sún, ẹ ga jù."

Láti ojú fèrèsé, mo rí i pé o ti gbé tábìlì kúrò ní ìhà tí oòrùn ń wọlé sí, o ti gbé e sún mọ́ ògiri tí òjìji wà. Mo rí i pé gbogbo ọmọ ló dé fìlà aṣọ tí etí rẹ̀ gbòòrò. Mo mọ ọwọ́ ìránṣọ rẹ. Ọmọ kan ló nílò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, o sì rán ti gbogbo wọn kí ó má bàa dá dé e. Mo rí Múínátù láàárín Pẹ́dírò àti ọmọbìnrin kan tó ń fi ìgúnpá jà fún àyè. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń tì í bí wọ́n ti ń ti ara wọn.

Mo wá rí àwo iyọ̀. Ọwọ́ Múínátù ló wà.

Àlájà di ọwọ́ mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, o mú àwo iyọ̀, o gbé e lé ọmọ tí kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ lọ́wọ́, o sọ ọ́ di ẹni tó ń pín in fún àwọn yòókù! N kì bá tí ní ìgboyà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí o lè mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

A gbọ́ wọn kedere.

"Múínà, fún mi sí i."

"O ti bù ú. Mo rí ẹ."

"Díẹ̀ ni mo bù!"

"Díẹ̀ ti tó ẹ. Àbí o fẹ́ gbẹ bí ẹja ni?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Pẹ́dírò wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń jalè: "Ìwọ náà bù ú. Àǹtí ò wo ibí."

"Mi ò bù. Ìyá Àlájà ò tíì sọ."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa sọ?"

"Wọ́n ṣì ń rò ó."

Ó gbé àwo náà fún ẹni tó kàn.

Èékánná Àlájà kúrò lára mi. A rìn kúrò láàárín àwọn aṣọ náà, a dé ìta, ó wá bi mí:

"Ta ló sọ fún un pé mò ń rò ó?"

"Ó lè jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni."

"Mi ò rò ó rí. Bí wọ́n ṣe bá a nílé wa ni mo ṣe gbé e." A tún rìn díẹ̀. "Ó dáa. Màá máa rò ó. Kí ọmọ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un ní nǹkan pín."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn gan-an. Òpin oṣù yóò dé, Múínátù yóò sì wà lórí àga rẹ̀. Àlájà ní òun yóò wá sọ ọ́ fún ọ fúnra òun lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ó bá dé, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Àgbà fẹ́ràn láti jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ mú ìròyìn rere wá.

Mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. N kò tò wọ́n dáadáa. Bí wọ́n ti ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ wọ́n.

Máa bá Múínátù wí bí o ti ń bá Pẹ́dírò wí. Mo ṣàkíyèsí pé, nínú gbogbo ìtàn tí o máa ń sọ fún mi, ọmọ náà kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan kò sí tí kì í já nǹkan gbà. Ọmọ tí a kì í bá wí nínú ilé, àlejò ni. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni kí o máa lò fún un.

Má jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní òyìnbó, kódà bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ tí ń dùn ún kí ó bàa lè wà nínú eré. Ó ní orúkọ. Àlájà pa àgbò sí i.

Nípa gbígba ọmọ wọlé sí kíláàsì àwọn àgbà: o mọ ìdánwò tí gbogbo wa fi ń wọn ọmọ, pé kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Èmi náà fi wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Mo rí ọmọbìnrin kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ju àwọn tó wọlé lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dé etí, a sì dá a padà sáàárín àwọn ìkókó. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú láti bi í ní ìbéèrè kan. Ọwọ́ kì í ka ìwé. Gbé òṣùwọ̀n yẹn jù sínú ọ̀sà, bí ìgbìmọ̀ bá sì bínú, sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o jù ú.

Má ṣe gbàgbé àwọn ọmọ tí kò ní nǹkan tó hàn lára wọn. Ọmọbìnrin tó ń fi ìgúnpá jà yẹn, ebi ń pa á, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò lé e. Wádìí rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ilé ìwé rẹ kò tẹ́ mi lọ́rùn: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ilé nìkan kọ́ ni a ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n n kò ní orúkọ tó dára jù ú, nítorí náà mo dákẹ́.

Jẹun kí o tó kúrò nílé. Olùkọ́ tí ebi ń pa kì í ní sùúrù, ohùn rẹ sì máa ń le lọ́sàn-án.

Nípa ti kọ́kọ́rọ́: o béèrè pé kí ni o tún ń ṣe níbẹ̀ bí ọmọ kan ṣoṣo bá lọ. Múínátù kò lọ. Ṣùgbọ́n ká ní ó lọ pàápàá, Pẹ́dírò ti mọ̀ nísinsìnyí pé ọmọ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kò ṣẹ̀. Yóò dàgbà, yóò di ọ̀gá níbì kan, yóò sì rí ẹnì kan lórí àpótí. Torí tirẹ̀ náà ni o ṣe tún tábìlì tò. Di kọ́kọ́rọ́ rẹ mú.

Èyí tó kù, n kò ní sọ̀rọ̀ lé e lórí mọ́. Ọ̀rọ̀ pé àfín ń jẹ iyọ̀ tàbí kì í jẹ ẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Àlájà ń rò ó, ẹ jẹ́ kí ó rò ó tán. Kí a tó pínyà ní ìkóríta Ìdúmàgbò, ó sọ ohun kan fún mi nípa ọmọ àfín kan tí òun bí ṣáájú ìyá Múínátù. Má bi mí. Má sì bi òun.

Wọn yóò sì gbé irọ́ karùn-ún wá fún ọ láìpẹ́, nítorí obìnrin tó ni àwọn aṣọ tí wọ́n sá yẹn rí wa. Yóò sọ pé òun rí ìyá rẹ tó ń fi etí aṣọ ìbùsùn ẹlòmíràn nu ojú. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. N kò sì ní dáhùn ìbéèrè kankan lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.